Bàbá Tó Ń Kágò Lẹ́nu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Bàbá mi àgbà kì í wọ ibikíbi láìkágò. Yàrá mi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í fìgbà kan tì, wọ́n á dúró síta, wọ́n á ní, "Àgò o." Balùwẹ̀ tí iná ti kú níbẹ̀, tí gbogbo ilé mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀, "Àgò o." Mo máa ń sọ fún ìyá mi pé ó ku díẹ̀ kí Bàbá kágò fún firíìjì. Ìyá mi á rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n á bojú wẹ̀yìn bóyá Bàbá gbọ́.

Bí ẹnikẹ́ni ò bá dáhùn, Bàbá ò ní wọlé. Lọ́jọ́ kan mo ń gbọ́ orin nínú ẹ̀rọ tí mo kì bọ etí, mi ò gbọ́ ohùn wọn rárá. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, Bàbá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ife tíì mi lọ́wọ́ wọn, tíì náà ti tutù. Mo ní kí ló dé tí wọn ò wọlé. "O ò tíì dá mi lóhùn," ni wọ́n wí.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin wọ́n ni. Mùfútàù lorúkọ wọn, ará Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n Settimo Torinese, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Turin níbí, ni wọ́n ti lo ìgbà ìkẹyìn ayé wọn, nínú fúláàtì tí èmi àti àwọn òbí mi ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àti iye ilé tí wọ́n kọ́, kó lọ bi ìyá mi. Ohun tí èmi mọ̀ ni Bàbá tí mo bá gbé. Ìtìjú sì pọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ yẹn, tiwọn, tèmi, àti ti ìyá mi.

"Ojú ń tì mí" ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń sọ pé "jọ̀ọ́" ni Bàbá ṣe ń sọ ọ́. Bí a bá bu oúnjẹ fún wọn ṣáájú, ojú ń tì wọ́n. Bí ẹnì kan bá dìde fún wọn nínú bọ́ọ̀sì, ojú ń tì wọ́n, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún onítọ̀hún ní Yorùbá títí onítọ̀hún á fi sọ̀ kalẹ̀. Ilé ìtajà ńlá tó wà nítòsí wa ní ilẹ̀kùn tó ń dá ṣí. Bàbá kò fẹ́ràn ilẹ̀kùn yẹn. Bí wọ́n bá ṣe ń múra láti kágò báyìí ni ilẹ̀kùn á ti là sọ́tùn-ún sósì, Bàbá á wá dúró, wọ́n á wo òkè, wọ́n á wo ẹ̀gbẹ́, wọ́n á sì ní, "Ẹ ṣé o," kí wọ́n tó kọjá. Mo ti sọ fún wọn pé iná mànàmáná ni. "Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Èmi ṣáà ṣì ní ẹnu tí mo lè fi dúpẹ́."

Nígbà tí Bàbá kọ́kọ́ dé, Yorùbá ló ń wọ etí mi, Italian ló ń ti ẹnu mi jáde. Ibí ni wọ́n bí mi sí, ibí ni mo ti lọ sílé ẹ̀kọ́. Bàbá á bi mí léèrè, màá ní, "Sì, nonno, arrivo," pé bàbá àgbà, mò ń bọ̀. Wọn ò bínú sí mi rí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo kọ́kọ́ fi ẹnu ara mi sọ tó dùn létí wọn ni "àgò yà", torí pé bí n kò bá sọ ọ́, wọ́n á dúró síta ni. Láti orí ìyẹn la ti ń lọ síwájú díẹ̀díẹ̀, títí tí èmi náà fi lè jókòó kọ irú èyí. Bí àmì ohùn kan bá ṣubú níbì kan, ẹ bá mi gbé e dìde.

Ọ̀rọ̀ Italian tí Bàbá kọ́kọ́ mọ̀ ni "permesso", ìwé àṣẹ tí àwọn ọlọ́pàá Questura ń fún wa láti fi gbé ìlú yìí. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Permesso ti jáde, permesso kò tíì jáde, permesso ti ń kú lọ. Bàbá fi tiwọn sínú ọ̀rá, wọ́n so ó mọ́ra lábẹ́ dàńṣíkí. Ní ọjọ́ kan a wà nínú ascensore ilé wa, ẹ̀rọ tó ń gbé wa lọ sókè. Obìnrin Italian kan tó ń gbé ní àjà kejì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, Bàbá sì dúró dí i lọ́nà láìmọ̀. Ó ní, "Permesso." Bàbá yára wá ìwé wọn. Wọ́n ṣí dàńṣíkí, wọ́n tú ọ̀rá, wọ́n na ìwé àṣẹ sí obìnrin náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Obìnrin náà ń wo ìwé, ó ń wo ikùn Bàbá, ó ń wò mí. Ojú tì mí débi pé nọ́ńbà ara bọ́tìnnì ni mò ń kà.

Nígbà tí a délé, mo ṣàlàyé. Mo ní bí àwọn ará ibí bá fẹ́ kọjá, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ wọlé onílé, "permesso" ni wọ́n ń sọ. Onílé á ní "avanti". Mo ní àgò ni, àgò yà sì ni èkejì. Ni Bàbá bá bú sẹ́rìn-ín tí ikọ́ fi gbé wọn. "Àṣé àgò ni mò ń ké ní Questura látọjọ́ yìí," ni wọ́n wí. "Wọ́n mà pẹ́ kí wọ́n tó dá èèyàn lóhùn o."

Ikọ́ yẹn ló gbé wa dé etí òkun. Dókítà ní afẹ́fẹ́ òkun, aria di mare, ló máa ran àyà Bàbá lọ́wọ́. Bí àwọn dókítà ibí ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, bíi pé ilé ìpoògùn ni wọ́n ti ń ta afẹ́fẹ́. Bàbá tó bí mi ní iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí lọ́jọ́ Sátidé, ìyá mi náà ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, èmi ló wá kàn. A máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Turin lọ sí Savona, a ó tún wọ kékeré tó ń gba etí omi lọ, a ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní abúlé tó bá wu Bàbá lójú fèrèsé.

Gbogbo abúlé yẹn ló ní ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Òmíràn yẹ́lò, òmíràn funfun, òmíràn dúró lórí àpáta tí omi òkun ń lù nísàlẹ̀. Mo rò pé Bàbá máa jókòó sórí iyanrìn kí wọ́n máa mí. Wọn ò jókòó. Ibi tí agogo bá ti dún ni wọ́n ń forí lé, wọ́n á gun àtẹ̀gùn, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún gùn ún, títí a ó fi dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀ ni wọ́n á dúró. "Àgò o," ni wọ́n á wí. Wọ́n á dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò ní sẹ́ni tó máa dáhùn, a ó sì padà sísàlẹ̀.

Mùsùlùmí tó ń kírun márùn-ún ni Bàbá. Kò yé mi ohun tí wọ́n ń wá. Mo sì mọ bí a ṣe rí lójú àwọn tó ń kọjá, ọkùnrin dúdú arúgbó kan tó wọ agbádá, tó ń bá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì sọ̀rọ̀, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú báàgì ilé ìwé. Màá yọ fóònù jáde, màá máa ya fọ́tò òrùlé bíi pé arìnrìn-àjò ni wá.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí Bàbá fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà torí obìnrin tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́ ṣì ń gbé ibẹ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì náà, òkúta wẹ́wẹ́ dúdú àti funfun ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi ya òdòdó àti ìdákọ̀ró. Bàbá ní ilẹ̀ yẹn dára ju ohun tí a lè fi bàtà tẹ̀ lọ, wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta, wọ́n ń ṣe "yéè, yéè" lábẹ́lẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà, èèyàn lè rí ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n fi igi gbẹ́, tí wọ́n so kọ́ sókè àjà. Àwọn atukọ̀ tí omi kò gbé lọ ló gbé wọn wá dúpẹ́ láyé àtijọ́. Apẹja ni bàbá tó bí Bàbá. Wọ́n wo ọkọ̀ yẹn títí, wọ́n ní, "Sábítíyù ìbá fẹ́ràn èyí."

Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Sábítíyù. Mo bi wọ́n. A jókòó sórí àtẹ̀gùn, òkun níwájú wa, Bàbá sì sọ ọ́ fún mi láìwo ojú mi.

"Àbúrò mi obìnrin ni, òun ló tẹ̀lé mi. Tíṣà kan ló fẹ́, onígbàgbọ́, ó sì bá ọkọ ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá wa ní kò gbọ́dọ̀ padà wá sílé mọ́. Nígbà tí bàbá wa kú, èmi ni mo di bàbá fún gbogbo wọn. Mo lè pè é padà. Mo ní kó kọ́kọ́ wá tọrọ gáfárà."

"Ṣé wọ́n wá?"

"Kò wá. Ó kú. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé wọ́n fẹ́ sin ín. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà létí ọ̀sà, omi níwájú ẹ̀ báyìí gẹ́lẹ́. Mo lọ, mo dúró síta. Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Mo rí bẹ́ǹṣì kan níwájú, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé e, tiwa ni, ti ẹbí ẹ̀. Ọkùnrin kan jáde wá, ó ní, 'Ẹ wọlé, Bàbá, ẹ̀yin là ń dúró dè.' Mo ní rárá. Wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀ parí, Àmínà. Kò sẹ́nì kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn."

Mo bi wọ́n ní Italian pé kí ló dé. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ yẹn, "perché".

"Ojú ń tì mí. Mo rò pé àwọn ará mọ́ṣáláṣí wa ń wò mí láti ìta. Nígbà tí mo wẹ̀yìn wò, kò sẹ́nì kankan lójú ọ̀nà."

Mo ní kí wọ́n kúkú wọlé báyìí, pé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì yìí ṣí sílẹ̀, pé kò sẹ́ni tó máa lé wọn. Wọ́n mi orí wọn. "Wọ́n pè mí nígbà yẹn, mi ò wọlé. Bí mo bá wá ń kágò báyìí tí wọn ò dá mi lóhùn, o ò rí i pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?"

Ọjọ́ tí Bàbá wá wọlé níkẹyìn, ọjọ́ ìtìjú ni fún mi. Oòrùn mú. Bàbá ti ṣàkíyèsí pé àwọn ọkùnrin abúlé náà máa ń ṣí fìlà kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá náà sì ṣí tiwọn, wọ́n dì í mú níwájú ikùn, ẹnu rẹ̀ lókè. Ẹsẹ̀ lásán, fìlà lọ́wọ́, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ń gbé ìlú yìí mọ ohun tí ìyẹn jọ. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ń dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà lójoojúmọ́. Obìnrin kan tó wá ṣe ìsinmi jáde láti inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó rọra fọwọ́ kan apá Bàbá, ó sọ ẹyọ owó kan sínú fìlà. "Tenga, nonno," ló wí, pé kí bàbá àgbà gbà á, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mi ò mọ ibi tí màá fi ojú sí. Ó ń ṣe mí bíi kí n sáré tẹ̀lé obìnrin náà kí n sọ fún un pé bàbá mi àgbà ní ilé ní Ẹ̀pẹ́, pé àwọn èèyàn ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó sì tún ń ṣe mí bíi kí n má jẹ́ ọmọ wọn fún ìṣẹ́jú kan. Mo fa apá agbádá wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ. Wọ́n rò pé ẹ̀ ń tọrọ ni."

Bàbá wo inú fìlà. "Mò ń tọrọ kẹ̀," ni wọ́n wí. "Àmọ́ kì í ṣe owó."

Wọn ò bínú, wọn ò sì kúrò. Wọ́n mú owó náà jáde, wọ́n wò ó. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ilé onílé ni wọ́n ti fún àwọn, owó onílé ni, àwọn ò lè gbé e lọ sí Settimo. Ó di dandan kí àwọn mú un wọlé fún wọn. Ni wọ́n bá gbé ohùn sókè, "Àgò o. Àgò onílé." Ohùn wọn dún nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ títí. Àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn yíjú wò wá. Mo sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí wọn létí pé, "Ẹ sọ pé permesso." Ohun tí mo fẹ́ ni kí ariwo náà parí.

"Permesso," ni Bàbá wí.

Láti ẹ̀yìn ọ̀wọ̀n kan, ohùn arúgbó obìnrin dáhùn, "Avanti, avanti." Ó jáde sí wa pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ àti kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Signora Piera lorúkọ rẹ̀, òun ló ń gbá ibẹ̀, òun ló ń tì í.

Bàbá dì mí lọ́wọ́ mú. "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní àgò yà."

Mo rí i bí ojú Bàbá ṣe yí padà. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, bí wọ́n ṣe máa ń wọ mọ́ṣáláṣí. Wọ́n sọ owó náà sínú àpótí ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé ó parí, pé a ó máa lọ. Bàbá rìn kọjá lábẹ́ àwọn ọkọ̀ kékeré yẹn, wọ́n lọ sí bẹ́ǹṣì iwájú pátápátá, wọ́n jókòó, wọ́n gbé bàtà sórí itan. Wọn ò kúnlẹ̀, wọn ò tan àbẹ́là. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Sábítíyù, ẹ̀gbọ́n ẹ ti dé." Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí Signora Piera fi gbá ilẹ̀ yí wọn ká, tí kò sì ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀. Omijé wà lójú Bàbá, mi ò sì mọ bí a ṣe ń di àgbàlagbà mú.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí a fi ń padà, Bàbá ń wo òkun títí a fi fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bẹ́ǹṣì yẹn le," ni wọ́n wí. "Ì bá dáa ká ní mo jókòó sórí ẹ̀ nígbà tí ìdí mi ṣì lẹ́ran."

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn dùn mọ́ Bàbá. Gbogbo Sátidé, abúlé kan náà. Wọ́n kọ́ Signora Piera ní àgò, obìnrin náà sì kọ́ ọ, ó ń fà á gùn bí ẹni ń kọrin. Ó máa ń gbé focaccia, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ibẹ̀, wá nínú bébà, Bàbá á ní kí n bi í lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀, òun náà á tún fọwọ́ sáyà pé òróró lásán ni. Bí àsìkò ìrun bá tó, Bàbá á jáde, wọ́n á kí i lórí òkúta wẹ́wẹ́ yẹn. Signora Piera rí i bí orúnkún wọn ṣe ń dùn wọ́n, ó gbé ẹní kékeré kan wá láti ilé rẹ̀. Nígbà míì ó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á lé ẹyẹlé kúrò níwájú wọn.

Àṣé ẹnì kan tó mọ̀ wá ní Turin ti rí wa. Mi ò mọ ẹni náà di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Fọ́tò Bàbá lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ère lókè orí wọn, bọ́ sórí Wáásàpù àwọn obìnrin àsàlátù. Ìyá mi ti ibi iṣẹ́ dé, wọn ò bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kúnlẹ̀ kí Bàbá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni wọ́n wà tí wọ́n fi ní, "Bàbá, ẹ̀ ń dójú tì mí."

Wọ́n na fóònù sí Bàbá kí wọ́n rí fọ́tò náà.

"Alhaja ni wọ́n ń pè mí láàárín àwọn obìnrin yẹn. Kí ni kí n sọ fún wọn? Ṣé kí n ní bàbá mi ti di onígbàgbọ́ létí òkun?"

"Ọ̀dọ̀ Sábítíyù ni mò ń lọ."

"Àǹtí Sábítíyù ti kú, Bàbá. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n sin wọ́n sí."

Mo dúró ní kíṣìnnì, mò ń fọ ife kan tó ti mọ́ tipẹ́. Ojú ń tì mí fún Bàbá tí ọmọ wọn ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú sì ń tì mí fún ìyá mi, torí pé ohùn wọn ń gbọ̀n bí ti ọmọdé. Bàbá nawọ́, wọ́n gbé e lé orí gèlè ìyá mi.

"Rísì," ni wọ́n wí, "mi ò bá ọ wí. Ọwọ́ ẹ ni mo dì mú lọ́jọ́ yẹn, níta, lábẹ́ fèrèsé. O ní o fẹ́ lọ jókòó sórí aṣọ funfun yẹn, mo fà ọ́ padà. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Ìyá mi dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n ní kí n má gbé Bàbá lọ síbẹ̀ mọ́, Bàbá sì ní kí n gbọ́ràn sí ìyá mi lẹ́nu. A ò lọ mọ́. Òtútù dé, àyà Bàbá túbọ̀ ń dí. Wọ́n á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná, wọ́n á ní kí n bá àwọn wò ó lórí fóònù bóyá òjò ń rọ̀ létí òkun. Mi ò gbọ́ kí wọ́n fi ìyá mi sùn. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ ni pé, "Piera á ti máa tẹ́tí."

Òótọ́ sì ni. Nígbà tí Bàbá kú, mo pe Signora Piera lórí fóònù láti sọ fún un. Ó ní bí atẹ́gùn bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, òun máa ń dáhùn pé àgò yà kí òun tó wẹ̀yìn wò. Ó béèrè ibi tí a ó ti kírun sí Bàbá lára àti aago tó jẹ́, mo sì sọ ọ́ fún un láìronú. Mi ò sọ fún ìyá mi.

Ilé ìkẹ́rùsí kan ni mọ́ṣáláṣí wa tẹ́lẹ̀, láàárín oníṣẹ́ táyà àti ẹni tó ń kun ọkọ̀. Àwọn ẹbí wá láti Arcella ní Padua, àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi wá láti Piacenza, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn àwọn mìíràn. Bàbá wà nínú pósí níwájú. Ẹ̀yìn ni àwa obìnrin wà, níbi tí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì kan sí fún àwọn tí orúnkún ń dùn. Ìyá mi jókòó síbẹ̀, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sí ẹlòmíì tó wá jókòó tì wá.

Òjò ń rọ̀. Gbogbo wa ń dúró kí Alfa bẹ̀rẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, Alfa rìn wá sẹ́yìn, ó dúró nítòsí ìyá mi, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n páànù ló yí wa ká, gbogbo èèyàn ló gbọ́.

"Alhaja, ẹ má bínú. Fọ́tò yẹn dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Àwọn èèyàn ń bi mí kí wọ́n tó tò sẹ́yìn. Inú ẹ̀sìn wo ni Bàbá kú sí?"

Mi ò lè júwe bí ojú ṣe tì wá lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Mo wo ìka ẹsẹ̀ mi. Àwọn obìnrin tó wà níwájú wa kò yíjú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ń gbọ́.

Ìyá mi ní, "Bàbá mi kírun ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kú. Orí àga ni wọ́n ti kí i, torí wọn ò lè dìde mọ́."

Ìgbà yẹn ni a gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Àgò o."

Signora Piera ni. Ó wọ kóòtù dúdú, ó fi ìborùn wé orí. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e dání, ó dúró sí ìta níbi tí omi òjò ti ń ṣàn kọjá, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nìkan lẹ́sẹ̀. Kò gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ó ń dúró, bí ẹni tó kọ́ ọ ṣe máa ń dúró.

Ọmọ Yorùbá ló kún ilé yẹn láti ògiri dé ògiri. Kò sẹ́ni tí wọn ò fi àgò wo dàgbà. Wọ́n kàn ń wò ó. Alfa wo obìnrin náà, ó wo ìyá mi, mo sì rí i pé ó ti mọ ibi tó ti wá.

"Àgò o," ni Signora Piera tún wí. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ kéré.

Ìyá mi ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi. Wọ́n wò ó títí. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ojú sókè, wọn ò wo Alfa, wọn ò wo ẹnikẹ́ni.

"Àgò yà," ni ìyá mi wí. "Ẹ wọlé, Mama. Ẹ̀yin là ń dúró dè."

Alfa ò béèrè nǹkan mọ́. Ó padà síwájú, ó kọjú sí kíbùlà, mo sì gbọ́ bí àwọn ọkùnrin ṣe ń tò sẹ́yìn rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ìyá mi tú ìborùn funfun ọrùn wọn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì sún fún Signora Piera.